WÁYÀ TÍ Ó GBA Ẹ̀BÁ ILÉ WA KỌJÁ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ẹ̀rìn-Ilé)

Ẹni tí kò lè wá ní ọdún yìí, ṣùgbọ́n tí yóò ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ẹgbẹ́ wa níbi tí ó wà, kí ó mọ̀ pé òun náà ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá wa pé kí a wá sọ ìtàn díẹ̀ fún ìjọ ènìyàn, a mọ̀ pé ìtàn ogun tàbí ìtàn oyè ni ó ń retí. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù wá lọ pọ̀ níhìn-ín. Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ wa, ọ̀dọ̀ ọmọ kékeré ni a sì ti rí ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí. Ní ọjọ́ kan a kó àwọn ọmọ kíláàsì wa lọ wo ojú irin. Ọmọ kan rí kùkùté òpó irin kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì bi wá pé: "Sà, ṣé aṣọ ni wọ́n ń sá sí ibí yìí tẹ́lẹ̀?" Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí a rí i pé ohun kan tí ó ti pa àwọn bàbá wa lẹ́kún, tí ó sì ti mú wọn sunkún, ti di ohun tí ọmọ wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Wáyà ni ohun náà.

Kí wáyà tó dé, àwọn baba ńlá wa kò ṣàìní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ránṣẹ́. Ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó gbọ́ ìlù a sì dáhùn. Ọba a rán ìlàrí, baálé a rán ọmọ ilé rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ àṣírí, wọn a pa àrokò. Bí ọ̀rẹ́ bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ó túmọ̀ sí pé ọkàn òun fà sí i. Bí ẹnì kejì bá sì fi ẹyọ mẹ́jọ dá a lóhùn, ó ń wí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ẹni tí ó gbé àrokò lọ́wọ́ lè má mọ ohun tí ó gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fi ẹnu rán, ọgbọ́n rẹ̀ ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. A bẹ̀ yín kí ẹ pa òwe yìí mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí a óò padà wá bá a.

Ní àkókò tí a ń sọ yìí, ilẹ̀ wa kò rọgbọ. Ogun Kírìjì ti gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn aṣojú ìjọba Èkó tó mú àwọn Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsán ọdún 1886. Àdéhùn náà kò sì pa iná tí ń jó ní agbègbè tiwa, nítorí ogun Ọ̀fà àti Ìlọrin kò parí nígbà náà. Ìránṣẹ́ tí ó bá kúrò nílé ní òwúrọ̀ kò mọ̀ bóyá òun yóò dé ibi tí a rán òun. Ọ̀nà lè dí. A sì lè mú un ní ẹrú.

Ní ọdún 1886 yẹn kan náà ni ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní etí òkun. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tí a ń pè ní African Direct Telegraph Company na okùn wáyà gba ìsàlẹ̀ òkun wá sí Èkó, láti ọ̀nà Freetown àti Accra, wọ́n sì nà án kọjá lọ sí Brass àti Bonny. Bàbà ni inú okùn náà. Oje igi kan tí ń ti ilẹ̀ Màlẹ́à wá ni wọ́n fi bò ó kí omi má ba à wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi irin dì í. Ṣáájú ọdún náà, bí gómìnà Èkó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ òkun ni yóò gbé ìwé rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ a sì kọjá kí èsì tó dé. Láti ọdún náà lọ, ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì ń bọ̀, kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ sọ bí ohun náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Bátìrì ni ó ń fún un ní agbára mànàmáná. Bí akọ̀wé wáyà bá tẹ irin kékeré tí ó wà níwájú rẹ̀, agbára náà a sáré gba ojú wáyà lọ, irin tí ó wà ní òdìkejì a sì kọ ká. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ tí ó sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀, ìró kúkúrú ni. Bí ó bá dá ọwọ́ dúró díẹ̀, ìró gígùn ni. Nínú kúkúrú àti gígùn ni gbogbo lẹ́tà ábídí wà. Orúkọ ìlú wa kò ṣòro rárá: E jẹ́ kúkúrú kan, R jẹ́ kúkúrú, gígùn, kúkúrú, I jẹ́ kúkúrú méjì, N jẹ́ gígùn àti kúkúrú. Ẹni tí ó bá mọ ìlù lù kò ní ṣe kàyéfì nípa rẹ̀, nítorí ọmọ ìyá ìlù ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàrin àwọn méjèèjì tí ó ṣe pàtàkì: ìlù Yorùbá ń sọ ohùn ọ̀rọ̀, òkè àti ìsàlẹ̀, wáyà kò mọ ohùn. Lẹ́tà lásán ni ó mọ̀. Ẹ tún pa èyí náà mọ́.

Ohun ìyanu mìíràn ni pé okùn kan ṣoṣo tó. Ènìyàn lè rò pé bí agbára náà bá gba okùn kan lọ, ó gbọdọ̀ rí okùn mìíràn gbà padà. Ní ọdún 1838 ni ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Steinheil, fi hàn pé bí a bá ri irin mọ́lẹ̀ ní ìkangun méjèèjì, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dá agbára náà padà. Àwọn baba wa tí ń fi ilẹ̀ búra, tí wọ́n ń wí pé ilẹ̀ ń gbọ́, kò jìnnà sí òtítọ́.

Samuel Morse, ará Amẹ́ríkà, ni ó fi wáyà ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore ní ọjọ́ 24 oṣù Kàrún ọdún 1844, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe àmì kúkúrú àti gígùn náà. Ní ọdún 1858 wọ́n na okùn la òkun Àtìláńtíìkì já. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ó fi kú. Wọn kò sọ ìrètí nù. Ní ọdún 1866 ó ṣeé ṣe.

Èyí tí ó jọ ti ilẹ̀ tiwa jù lọ ni ti Ọsirélíà. Ní ọdún 1870 ni ọ̀gbẹ́ni Charles Todd, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ìhà gúúsù ilẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí na wáyà láti etí òkun gúúsù dé etí òkun àríwá, la àárín aṣálẹ̀ já. Gígùn rẹ̀ tó 3,200 kìlómítà. Òpó tí wọ́n rì tó nǹkan bí 36,000. Níbi kan kò sí omi. Níbòmíràn òjò pọ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ kò fi lè ráyè gbé ẹsẹ̀, kí a má tilẹ̀ sọ ti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ikán jẹ àwọn òpó igi débi pé wọ́n ní láti fi òpó irin pààrọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1872, wọ́n so ìkangun méjèèjì pọ̀.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní ìparí ọ̀rúndún náà ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí na wáyà orí ilẹ̀ wọ inú ilẹ̀ Yorùbá, títí tí ó fi gba Ìbàdàn àti Ìlọrin kọjá, tí ó sì kan Odò Ọya ní Jẹ́bà. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ní oṣù Kejì ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ti fi ìbọn ṣẹ́gun Ìlọrin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lugard ta àsíá ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja, Jẹ́bà sì di ibùjókòó ìjọba Àríwá fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó kó o lọ sí Zungeru ní ọdún 1902. Ìjọba tí ó jókòó sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ kò lè wà láìsí etí tí yóò fi máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Èkó, láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣírò díẹ̀, bí a ti máa ń ṣe ní kíláàsì. Láti Èkó dé Jẹ́bà ju 300 máìlì lọ díẹ̀ bí a bá gba ojú irin, èyí tí í ṣe nǹkan bí 490 kìlómítà. Bí a bá fi ìwọ̀n òpó ti Ọsirélíà wọn ọ̀nà wa, òpó tí yóò gbà yóò ju 5,000 lọ. Àwọn òpó náà kò ní ẹsẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí eṣinṣin tí ń pa ẹṣin àti màlúù kò jẹ́ kí a fi ẹranko fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, orí ènìyàn ni ọkọ̀. Orí ni a fi ru irin, orí ni a fi ru ìdì wáyà, orí ni a fi ru àwọn ife tánganran tí wáyà ń jókòó lé lórí kí agbára rẹ̀ má ba à jò sílẹ̀. Ọba àti baálé ni ìjọba ń béèrè alágbàṣe lọ́wọ́ wọn. Ọba a béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, ìjòyè a béèrè lọ́wọ́ àwọn baálé ilé, ọ̀rọ̀ náà a sì já lé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń mú ọkọ́ lọ́wọ́ lórí ebè rẹ̀. Òun ni yóò ṣán igbó, tí yóò gbẹ́ ihò, tí yóò gbé òpó nàró. Bí ó bá sì parí, igbó kò parí. Ọdọọdún ni a gbọdọ̀ tún ẹsẹ̀ òpó ṣán, kí iná ọyẹ́ má ba à jó o, kí ẹ̀ka igi má ba à wó lu wáyà.

Orúkọ Todd wà nínú ìwé. Orúkọ Lugard wà nínú ìwé. Orúkọ àwọn tí ó gbẹ́ ihò kò sí nínú ìwé kankan tí a tíì kà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń dùn wá jù nínú gbogbo ohun tí a wá sọ.

Lẹ́yìn èyí ni ojú irin dé, wáyà tirẹ̀ sì bá a rìn. Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1901 ni a ṣí i dé Ìbàdàn. Ní ọdún 1907 ó ti dé Òṣogbo. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba Ìkìrun àti Òkukù wá sí Ọ̀fà, tí ó fi dé Ìlọrin ní ọdún 1908 àti Jẹ́bà ní ọdún 1909. Ojú irin kan ṣoṣo ni, ọkọ̀ tí ń lọ àti ọkọ̀ tí ń bọ̀ ni ó sì ń lò ó. Bí ọ̀gá sítéṣọ̀n kan kò bá fi wáyà bi èkejì pé, "Ṣé ọ̀nà dá?", àwọn ọkọ̀ méjì yóò fi orí gbárí. Nítorí náà, ìlú tí ojú irin bá wọ̀, wáyà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé bàbá àgbẹ̀ kan ní Ẹ̀rìn, tí kò mọ ìwé, lè rìn dé Ọ̀fà ní òwúrọ̀, kí ó bẹ akọ̀wé pé kí ó bá òun tẹ wáyà sí ọmọ òun ní Èkó, kí ọmọ náà sì gbọ́ ọ ní ọjọ́ náà.

Bí ó ti wù kí ó rí, kò yẹ kí olùkọ́ sọ ẹ̀gbẹ́ kan ìtàn kí ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí bàbá àgbẹ̀ ni a ṣe na wáyà. Nítorí ìjọba ni, nítorí ọmọ-ogun, àti nítorí òwò. Àwọn tí a ń jọba lé lórí mọ èyí dáradára. Ní ọdún 1900, nígbà tí gómìnà Gold Coast lọ béèrè Àga Wúrà lọ́wọ́ àwọn Àṣáńtì, tí Yaa Asantewaa sì kó wọn jáde sí ogun, ọ̀kan nínú ohun tí àwọn jagunjagun náà kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gé wáyà. Wọ́n mọ̀ pé etí ọ̀tá ni. Àwọn ọmọ-ogun tí a pè láti Àríwá Nàìjíríà, lábẹ́ ọ̀gágun Willcocks, wà lára àwọn tí ó lọ gba àwọn òyìnbó sílẹ̀ ní Kumasi ní oṣù Keje ọdún náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1918, àwọn Ẹ̀gbá tí owó-orí àti iṣẹ́ ọ̀ranyàn ti sú hú ojú irin, wọ́n sì gé wáyà nínú ogun tí a ń pè ní Ogun Adúbí. Ìjọba kó ọmọ-ogun lé wọn lórí, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹni tí a kò bi léèrè kí a tó gba oko rẹ̀ kọjá, tí a kò sì sanwó iṣẹ́ fún, kò ní ka ohun tí a gbé kalẹ̀ sí tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún ìjọba, ó sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ bí tiwa.

A ti sọ pé wáyà kò mọ ohùn. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, kí ẹ lè mọ ohun tí èyí ń jẹ́.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà, tí Busia jẹ́ olórí rẹ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gba ìwé náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níhìn-ín kò nílò kí a sọ bí ó ti rí fún yín. Àwọn ènìyàn agbègbè wa tí ó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń pè é ní Gold Coast, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ, di ẹrù wọn ní alẹ́, wọ́n sì dúró sí ẹ̀bá títì. Bàbá wa àgbà wà ní Kumasi pẹ̀lú ìyàwó, àwọn àbúrò àti àwọn ọmọ. Bàbá tí ó bí wa wà ní Èkó, ó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, kò lè jẹun, kò lè sùn.

Àwọn ará Kumasi kò rí ọkọ̀ kan gba gbogbo wọn. Bàbá àgbà ní kí àwọn obìnrin àti ọmọdé kọ́kọ́ máa lọ, ó ní òun yóò tà ìyókù ọjà òun kí òun tó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dé Ẹ̀rìn ní àlàáfíà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa lọ sí Ọ̀fà, ó sì tẹ wáyà sí Èkó. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń sanwó rẹ̀, nítorí náà kò sọ àsọjù. Ohun tí ó sọ ni pé: "Gbogbo wọn ti dé, bàbá ló kù." Akọ̀wé kọ ọ́ bí wáyà ti ń kọ ọ́: GBOGBO WON TI DE BABA LO KU.

Bàbá wa gba ìwé náà níbi iṣẹ́. Ó kà á. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni: "Bàbá ló kú."

Wọ́n ní kò pariwo. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó gba àyè. Ó lọ yá owó lọ́wọ́ àwọn ará ìlú wa ní Èkó, ó ra aṣọ funfun tí a ó fi sin bàbá, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin alẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀fà, ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà dé Ẹ̀rìn pẹ̀lú aṣọ òkú lábẹ́ abíyá. Nígbà tí ó yọ sí ojúde, bàbá àgbà, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dé ní alẹ́ àná, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ àmàlà. Ó gbé ojú sókè, ó ní: "Káàbọ̀. Ta ni a fẹ́ sin?"

A gbọ́ pé bàbá wa jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún ju bí ì bá ti sun ún bí ó bá jẹ́ òkú ni ó bá. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe bàbá àgbà ní Bàbá-ló-kù, orúkọ náà sì rọ̀ mọ́ ọn. Aṣọ funfun náà, ó ní kí wọ́n fi í pamọ́, ó ní nǹkan ẹni kì í dà nù.

Nígbà tí ó kú ní tòótọ́, a ti ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a sì rántí rẹ̀ dáradára. Ẹnì kan ní kí a sáré lọ tẹ wáyà sí Èkó. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kọ̀. Ó ní: "Rárá, kì í ṣe wáyà ni yóò sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì." Àgbàlagbà ni, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó lọ sí Èkó, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó jẹ́ kí ó jẹun tán, kí ó tó la ẹnu sọ ọ́. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wáyà yára ju ẹsẹ̀ ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n kò lè fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Wáyà náà ti kọjá lọ báyìí. Ní ọdún 1985 ni ìjọba kó iṣẹ́ tẹlifóònù àti wáyà ilẹ̀ yìí jọ sí abẹ́ ilé-iṣẹ́ NITEL. Ní ọdún 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí tàn kálẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wáyà pátápátá. Àwọn òpó wó, wọ́n ń jí irin wọn hú tà. Lónìí ọmọ Ẹ̀rìn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí ojú ìyá rẹ̀ kí ó tó bá a sọ̀rọ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí ọ̀rọ̀ ti yá tó yìí, ṣé ìfẹ́ náà yára bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti orí ẹ̀rọ, tí kò sì rántí béèrè bí orúnkún bàbá ti ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ni ó sì ń gbọ́ ikú ará ilé rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, láàrin ọjà tàbí nínú mọ́tò, láìsí ẹni tí yóò dì í mú. Ẹ̀rọ ni a pààrọ̀. Àléébù àtijọ́ náà kò kúrò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ wa.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò jókòó ti àwọn àgbà wa, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wọn sílẹ̀: ta ni a mú lọ ṣe iṣẹ́ ojú irin, ta ni ó ru òpó, ta ni kò padà wálé. Kí orúkọ wọn wọ inú ìwé ọdọọdún wa yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ méjì ní ọdún kan. Ọdọọdún ni àwọn tí ó lè sọ ọ́ ń dín kù.

Èkejì, kí ẹni tí ó bá ní ìwé wáyà àtijọ́, lẹ́tà Gánà, tàbí àwòrán nínú àpótí ìyá rẹ̀ má ṣe sun ún níná. Kí ó mú un wá, kí a rí ibi tí a óò kó wọn pamọ́ sí nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé wa. Ìwé wáyà ti BABA LO KU wà lọ́wọ́ wa. Àwa ni a óò kọ́kọ́ mú tiwa wá.

Ẹ̀kẹta kò gba owó, síbẹ̀ òun ni ó ṣòro jù. Wáyà láti Èkó dé Jẹ́bà kò lè ṣiṣẹ́ bí ìlú kan ṣoṣo bá gé e. Bí ó ti wù kí òpó Ìbàdàn lágbára tó, bí ti Ìkìrun bá wó, Ìlọrin kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn baba wa àti àwọn baba àwọn aládùúgbò wa ni wọ́n jọ ṣán ẹsẹ̀ òpó wọ̀nyẹn, oníkálukú ní apá tirẹ̀, ohùn sì ń kọjá lórí gbogbo wọn. Àwa tí a jọ ń pín ojú irin kan, ọjà kan, odò kan àti àna kan, kò yẹ kí a máa fi ọ̀rọ̀ ààlà gé ohun tí ó so wá pọ̀. Bí ìjà bá dé, kí a rán ẹni tí yóò fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí a má ṣe rán ẹ̀rọ, kí a má sì rán ọmọ tí inú ń bí. Ohun kan náà ni a sọ fún àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Èkó, ní Kánò, ní òkè òkun: òpó ni ẹ jẹ́, oníkálukú ní ibi tí ó wà. Ẹ má jẹ́ kí tiyín wó.

Ọmọ tí ó bi wá léèrè nípa òpó, a ti sọ ìtàn yìí fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì ní: "Sà, bí ilẹ̀ bá ń dá ọ̀rọ̀ padà, ṣé àwọn tí ó gbẹ́ ihò náà ń gbọ́ wa?" A kò mọ ohun tí a óò fi dá a lóhùn. A gbé ìbéèrè rẹ̀ wá fún gbogbo ìlú.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún ara wa rí ní àmọ́dún, kí ó má sì ṣe sí ẹni tí a óò ránṣẹ́ ibi sí. Kí ilé ṣe dáadáa fún wa, kí ìdálẹ̀ má di ilé fún wa. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.